Ìdúpẹ́ Tó Di Ẹjọ́

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe kò ní orúkọ tó rọrùn láti pè. Bí àwọn aládùúgbò mi ní Ìkọ̀tún bá bi mí léèrè, mo máa ń ní ọ́fíìsì ni mò ń lọ, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ohun tí mò ń ṣe gan-an ni pé mo máa ń wá àwọn tí ọlọ́pàá ti lù kọjá ààlà kiri, àwọn tí wọ́n ṣe léṣe láìnídìí, mo máa ń jókòó tì wọ́n, mo sì máa ń gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀ sórí fóònù. Ẹgbẹ́ kékeré kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ló gbà mí síṣẹ́. Wọ́n á kó àwọn ọ̀rọ̀ náà jọ, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ níwèé, wọ́n á gbé e lọ bá àwọn aláṣẹ. Àwọn aláṣẹ á gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, a ó jọ ya fọ́tò, wọ́n á ní àwọn ti gbọ́. Mo wà nínú ọ̀kan lára àwọn fọ́tò náà. Ojú mi wú níbẹ̀ bí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun.

Ó ti rẹ̀ mí. Kì í ṣe ìrìn ló rẹ̀ mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá jí ní Ìkọ̀tún, tó sì ní láti dé Àgbàdó kó tó di ọ̀sán, á mọ ohun tí mò ń sọ. Ohun tó rẹ̀ mí ni bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń jọra. Ojú ọ̀nà kan náà, ìbéèrè kan náà, "Kí ló wà nínú báàgì yẹn?", "Ta ló ni fóònù yìí?", ìfọ́tí kan náà. Nígbà mìíràn, bí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn tirẹ̀, mo ti mọ ibi tó ń lọ kó tó débẹ̀, inú á sì máa bí mi sí ara mi pé mo mọ̀ ọ́n. Ìyà tó jẹ ènìyàn kò yẹ kó di ohun tí ẹlòmíràn lè bá a parí.

Ìdáhùn àkọ́kọ́ tí mo máa ń gbà lẹ́nu wọn náà kì í yàtọ̀. Ẹni tí wọ́n gbá létí títí tí etí rẹ̀ fi ń hó á ní, "Àǹtí, wọn ò ṣe mí ní nǹkan kan o, wọ́n kàn gbá mi létí ni." Ẹni tó sùn sórí sìmẹ́ńtì nínú àtìmọ́lé á ní wọ́n kàn dá òun dúró díẹ̀ ni jàre. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ènìyàn kò bá tíì kú, wọn ò tíì ṣe é ní nǹkan kan. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe ń gbà á. Nígbà tó yá, mo yí ìbéèrè mi padà. N kì í béèrè ohun tí ọlọ́pàá ṣe fún ènìyàn mọ́. Mo máa ń béèrè pé, "Kí lẹ máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ tí ẹ ò lè ṣe mọ́?" Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gidi ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun kejì tó máa ń dà mí láàmú ni ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ má ṣì mí gbọ́, èmi náà kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn wa ti jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì títí, wọn ò mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè gbà sọ ohun tójú wọn rí mọ́. Nínú ẹ̀rí, ìyà kì í pẹ́ lẹ́nu, ibi tí Ọlọ́run ti yọni ló máa ń gùn. Ẹni tó bá dìde láti dúpẹ́ kò gbọdọ̀ máa ka ohun tó sọnù. Bó bá ní òun padà wálé, ó gbọ́dọ̀ ní òun padà wálé lódidi. Bó bá ní èjìká ṣì ń dun òun, ó ti bu ọpẹ́ náà kù nìyẹn, àwọn tó jókòó á sì máa wojú ara wọn. Nígbà kan tí mo já bọ́ lórí ọ̀kadà ní Ẹgbẹ́dá, mo dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tiwa lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo ní n ò fara pa rárá. Báńdéèjì wà lórúnkún mi lábẹ́ ìró bí mo ṣe ń sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó pè mí ní òpùrọ́, nítorí gbogbo wọn ló mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ nìyẹn.

Bí mo ṣe mọ èyí tó, n kò ronú kàn án nígbà tó yẹ kí n ronú kàn án. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ pẹ́ńtà kan sílẹ̀.

Ọkùnrin náà ń gbé ní Ìṣẹ̀rí-Olófin lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Kò tíì pé ogójì ọdún, ó ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, irú ẹni tí kò ní láti na ọwọ́ púpọ̀ kó tó kan òkè ilé. Iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn ló ń ṣe. Ìyá rẹ̀ jẹ́ opó, ìyá àdúrà ni nínú ìjọ aláṣọ funfun kan tí kò jìnnà sílé wọn, òun náà ló sì ń rán sùtánà fún àwọn ọmọ ìjọ. Yàrá méjì ni wọ́n ní, aṣọ funfun sì wà lórí gbogbo ohun tí ènìyàn lè gbé aṣọ lé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, màmá ní láti kó sùtánà kúrò lórí àga kí n tó ríbi jókòó.

Màmá ló ń sọ̀rọ̀. Bí mo bá bi ọmọ rẹ̀ léèrè, màmá á dáhùn. Ó ní ọ̀tá ló dìde sí ọmọ òun, ó ní ṣùgbọ́n Ọlọ́run ju ọ̀tá lọ, ó ní wọ́n mú un lónìí, ó sì padà wálé lọ́la. Ọmọ náà jókòó sórí ìbùsùn, ó ń wo ilẹ̀. Mo jẹ́ kí màmá sọ tẹnu rẹ̀ tán. Mo wá kọjú sí ọmọ, mo bi í ní ìbéèrè mi.

"Sílìn," ó ní.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni sílìn?"

"Òkè ilé, Àǹtí. Mi ò lè kùn ún mọ́. Apá yìí ò gòkè." Ó gbìyànjú láti gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè. Ó dé ibi àyà, ó dúró, ó sì ń gbọ̀n. "Ìsàlẹ̀ ògiri nìkan ni mo lè kùn. Ta ló máa gba pẹ́ńtà tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ògiri nìkan ló lè kùn?"

Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́, mo sì bá a rẹ́rìn-ín, nítorí n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé sùtánà kan sórí itan, ó ń wá ibi tí òwú ti já.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ta kókó. Ó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ní Ẹgbẹ́dá nírọ̀lẹ́, ọ̀dà ṣì wà lára aṣọ rẹ̀, ó wọ kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Ìdímù. Àwọn ọlọ́pàá dá kẹ̀kẹ́ náà dúró. Wọ́n rí fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní báwo ni pẹ́ńtà ṣe rí irú fóònù bẹ́ẹ̀ rà, wọ́n ní ọmọ yàhúù ni. Ó ní òun ṣiṣẹ́ rà á ni. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú wọn ní ó ń fèsì, ó fi ìdí ìbọn gbá a ní èjìká, ó sì tún gbá a tí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Nígbà tó ṣubú, wọ́n lọ́ apá rẹ̀ sẹ́yìn títí tí nǹkan kan fi dún nínú rẹ̀. Ó ní òun gbọ́ ọ kó tó dun òun. Wọ́n tì í mọ́lé di ọ̀sán ọjọ́ kejì tí ìyá rẹ̀ wá gba bélì rẹ̀.

Mo ti gbọ́ irú ìtàn yìí ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí yàtọ̀ nítorí ohun kan: apá náà ṣì lè padà sípò. Dókítà eegun kan tí ẹgbẹ́ wa mú un lọ bá ní bí wọ́n bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ sí i, yóò gòkè. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ pẹ́, á gan síbẹ̀, bó ṣe wà yìí ló máa wà títí ayé. Owó iṣẹ́ abẹ náà ju agbára màmá lọ, ó sì ju ti ẹgbẹ́ wa lọ. Lásìkò yẹn gan-an ni wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan dìde tí yóò máa gbọ́ ẹ̀sùn àwọn tí ọlọ́pàá ṣe léṣe. Bí ìgbìmọ̀ bá gba ọ̀rọ̀ ẹni gbọ́, wọ́n lè pàṣẹ kí ìjọba tọ́jú onítọ̀hún. Apá pẹ́ńtà wá di ohun tó wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ yẹn.

Mo padà lọ sí Ìṣẹ̀rí pẹ̀lú ìdùnnú díẹ̀. Mo ní, "Màmá, aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ náà ńkọ́? Èyí tí ẹ̀jẹ̀ wà lára ẹ̀. Àti fọ́tò eegun tí wọ́n yà fún un ní ọsibítù lọ́jọ́ tó jáde ní àtìmọ́lé."

Màmá wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ wo ilẹ̀.

"A ti kó wọn dànù, ọmọ mi," màmá ní.

Ó wá ṣàlàyé fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń ṣàlàyé fún àlejò. Láti àtìmọ́lé, ọsibítù ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Láti ọsibítù, wọ́n gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Wọ́n wẹ̀ fún un létí odò, wọ́n fá irun orí rẹ̀, wọ́n wọ aṣọ funfun tuntun fún un. Aṣọ ọ̀dà àti ẹ̀jẹ̀ náà, wọ́n dì í sínú ọ̀rá, wọ́n kó ìwé ọsibítù àti fọ́tò eegun lé e, wọ́n sì sọ gbogbo rẹ̀ sínú omi tó ń ṣàn. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ẹni tó bá ti àtìmọ́lé dé nìyẹn, kí nǹkan náà má baà mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ mọ́.

"Ìwé ọsibítù náà ńkọ́, Màmá? Kí ni ìwé ṣe?"

"Orúkọ ẹ̀ wà lára ẹ̀, orúkọ ìpalára náà sì wà níbẹ̀. Ṣé kí n máa tọ́jú ìyẹn sábẹ́ ìrọ̀rí ni?"

Inú bí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó ṣe mí bíi kí n pariwo mọ́ ìyá àgbàlagbà yìí nínú ilé rẹ̀. Mo ní, "Màmá, aṣọ yẹn ni ẹlẹ́rìí wa."

"Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí wa," màmá dáhùn, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. N kò lè bá a jà. Ó ti ṣe ohun tí ìyá tó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ máa ń ṣe níbi tó ti wá, ó sì ṣe é pé pérépéré.

Mo lọ sí ọsibítù náà bóyá wọ́n ní ẹ̀dà. Wọ́n ní wọn kì í tọ́jú ẹ̀dà, aláìsàn ló ń gbé e lọ. A tún fọ́tò mìíràn yà. Dókítà ní eegun náà ti fara gbọgbẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n fọ́tò kò lè sọ ẹni tó ṣe é tàbí ọjọ́ tó ṣe é. Lọ́yà tí ẹgbẹ́ wa fún wọn, ọ̀dọ́bìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, ní ẹnu pẹ́ńtà àti ẹnu ìyá rẹ̀ ló kù fún wa. Ó ní ká má fòyà, ẹnu ń ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ gbà á gbọ́, mo sì gbà á gbọ́.

Ní gbọ̀ngàn kan lójú ọ̀nà Ìgándò ni ìgbìmọ̀ ti jókòó. Fáànù wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná nìkan ló ń fẹ́. Màmá dé pẹ̀lú sùtánà funfun lọ́rùn, kò sì wọ bàtà, nítorí ẹni tó bá ti wọ sùtánà nínú ìjọ tiwọn kì í wọ bàtà sí i. Àwọn ìyá mìíràn láti inú ìjọ wọn tẹ̀ lé e, gbogbo wọn pẹ̀lú aṣọ funfun, wọ́n sì lọ jókòó sẹ́yìn.

Mo sún mọ́ ọn, mo ní, "Màmá, ilẹ̀ gbóná o. Ẹ ò bá ti wọ aṣọ mìíràn."

"Wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí, àbí wọn ò sọ bẹ́ẹ̀?" ó ní. "Aṣọ tí mo fi ń jẹ́rìí nìyí."

Pẹ́ńtà sọ tirẹ̀ dáadáa. N kò rò pé yóò lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò pariwo, kò sọkún, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì fi hàn wọ́n ibi tí apá rẹ̀ máa ń dé kó tó dúró. Alága ìgbìmọ̀, bàbá kan tó wọ awò ojú, tó ní ohùn àlùfáà, mi orí bí ẹni tí àánú ṣe. Mo wo lọ́yà wa. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó pa á mọ́ra. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà pípẹ́, mo ronú pé ó lè dára.

Nígbà náà ni lọ́yà àwọn ọlọ́pàá dìde. Ọkùnrin tó gbọ́n ni, aṣọ rẹ̀ mọ́, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní òun ní fídíò kékeré kan tí òun fẹ́ kí ìgbìmọ̀ wò. Wọ́n so fóònù rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n tó wà lára ògiri. Bí àwòrán náà ṣe yọ, mo rí àwọn ènìyàn tó wọ aṣọ funfun, mo sì mọ ohun tí mò ń wò.

Ṣọ́ọ̀ṣì náà máa ń gbé ìsìn wọn sórí ẹ̀rọ ayélujára. Pẹ́ńtà ló dúró níwájú nínú sùtánà tuntun, orí rẹ̀ ń dán níbi tí wọ́n ti fá a. Màmá dúró tì í, ó di máíkì mú sí i lẹ́nu. Pẹ́ńtà ní, "Ẹ bá mi yin Olúwa. Wọ́n mú mi, wọ́n fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ò jẹ́ kí wọ́n rí mi gbé ṣe. Wọn ò lè fọwọ́ kàn mí. Mo padà wálé lódidi, irun orí mi kan ò dínkù!" Ìjọ hó yèè. Nínú gbọ̀ngàn tí a wà náà, ẹnì kan lápá ẹ̀yìn gbàgbé ibi tó wà, ó kígbe pé, "Halelúyà!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Lọ́yà ọlọ́pàá náà rẹ́rìn-ín.

Lọ́yà tiwa dìde, ó ní kí ìgbìmọ̀ wo ọwọ́ tí onítọ̀hún gbé sókè nígbà tó ń yin Ọlọ́run. Ọwọ́ òsì ni. Ó ní kí ló dé tí ọkùnrin tó ń fi ọ̀tún jẹun fi gbé òsì? Lọ́yà ọlọ́pàá ní òun kò mọ òfin tó ní ọwọ́ ọ̀tún nìkan la fi ń yin Ọlọ́run. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Lọ́yà wa ní gbogbo ẹni tó bá ti dé ṣọ́ọ̀ṣì rí ló mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń jẹ́rìí nìyẹn, pé ẹnu ọpẹ́ ni, kì í ṣe ẹnu dókítà. Alága yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó ní òun náà ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá gbé síwájú òun ni òun lè wò.

Lọ́yà ọlọ́pàá wá ní òun ní ìbéèrè kan ṣoṣo fún ìyá. Màmá dìde, ó rìn lọ síwájú láìwọ bàtà.

"Màmá mi, ẹ kú ìrọ́jú," ó ní. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe pè é, màmá mi, bí ọmọ gidi. "Ṣé ọmọ yín la rí yẹn?"

"Òun ni."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ di máíkì mú?"

"Èmi ni."

"Ẹ ṣé, mà. Ohun tí ọmọ yín sọ nínú ilé Ọlọ́run lọ́jọ́ yẹn, ṣé òótọ́ ni àbí irọ́ ni?"

Lọ́yà wa fò dìde, ó ní ìbéèrè náà kò tọ́. Alága ní kí màmá dáhùn. Mo yíjú sẹ́yìn, mo rí àwọn ìyá ìjọ tí wọ́n tẹjú mọ́ ọn. Bó bá ní òótọ́ ni, apá ọmọ rẹ̀ lọ nìyẹn. Bó bá ní irọ́ ni, ó ti sọ lójú ìjọ rẹ̀ pé òun àti ọmọ òun dúró níwájú pẹpẹ, wọ́n sì parọ́. Ìyá àdúrà kan kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kó padà sípò rẹ̀.

Màmá ń fọwọ́ pa iwájú sùtánà rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ibi tó ti rún.

"Irọ́ ni," ó ní. "Irọ́ la pa. Ọmọ mi fẹ́ sọ pé apá ń dun òun. Èmi ni mo ní kó má bu ọpẹ́ kù. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ohun tó sọ. Ọlọ́run ń gbọ́ mi, nínú aṣọ yìí tí mo wọ̀. Wọ́n ṣe ọmọ mi léṣe. Kò padà wálé lódidi."

Àga dún lẹ́yìn. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ dìde, ó jáde. Òmíràn tẹ̀ lé e. Màmá gbọ́ ọ, kò bojú wẹ̀yìn.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Mo rò pé kò sí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn tí kò ní wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Lọ́yà ọlọ́pàá tẹrí ba fún màmá, ó kọjú sí ìgbìmọ̀, ó ní, "Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá tó bí i. Ẹni tó lè parọ́ fún Ọlọ́run níwájú pẹpẹ, ẹ wá ń retí kó sọ òótọ́ fún ènìyàn nínú gbọ̀ngàn? N kò ní ìbéèrè mìíràn." Ó sì jókòó.

Alága wo tábìlì. Ó kọ nǹkan kan sílẹ̀. Àwọn tó jókòó tì í náà kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti wà nínú iṣẹ́ yìí pẹ́ tó láti mọ ohun tó túmọ̀ sí bí wọ́n bá kọ nǹkan sílẹ̀ tí wọn kò sì gbójú sókè mọ́. Mo kórìíra gbogbo wa lọ́jọ́ náà, àti àwọn tó rẹ́rìn-ín, àti alága tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, àti èmi tí mo mọ bí a ṣe ń jẹ́rìí, tí mo dúpẹ́ pẹ̀lú báńdéèjì lórúnkún, tí kò sì wá sí mi lọ́kàn láti béèrè pé, "Ṣé ẹ ti dúpẹ́, kí lẹ sì sọ?" Kò sí ẹnì kan nínú gbọ̀ngàn yẹn, títí kan lọ́yà ọlọ́pàá fúnra rẹ̀, tí kò mọ̀ pé apá ọkùnrin yìí ti bàjẹ́. Gbogbo wa la mọ̀, kò sì wúlò fún un.

Alága ní àwọn yóò yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n pe ẹ̀sùn tó kàn. Lọ́yà wa kó ìwé rẹ̀ jọ. Bó ṣe ń kọjá lára mi, ó sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ó ti tán, mà. Wọn ò ní gbà á gbọ́ mọ́." Pẹ́ńtà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbọ́ ọ. Ó na ọwọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ó gba báàgì ìyá rẹ̀ lórí àga.

Níta, oòrùn mú. Àwọn ìyá ìjọ ti lọ, wọn kò dúró de màmá. Ó dúró sórí ilẹ̀ gbígbóná náà, ó ń gbé ẹsẹ̀ kan lé ẹsẹ̀ kejì, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ ju bí mo ṣe rí i rí lọ. Mo ra omi fún un. Ó mu díẹ̀, ó fún ọmọ rẹ̀ ní ìyókù.

"Ara mi fúyẹ́," ó ní. "Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ náà wà láyà mi o, ọmọ mi. Mo mọ̀ pé apá ń dùn ún bó ṣe ń sọ ọ́. Ṣé o rí bí gbogbo wọn ṣe dákẹ́ nígbà tí mo sọ òótọ́? Lọ́yà yẹn gan-an, kò rí ìbéèrè míì bi mí mọ́."

"Mo rí i, mà."

"Ìjọ lè lé mi, kò burú. Wọ́n á ṣiṣẹ́ abẹ yẹn fún un báyìí, àbí? Ọ̀rọ̀ mi ràn án lọ́wọ́?"

Mo wo ọmọ rẹ̀. Ó ń wò mí láti ẹ̀yìn èjìká ìyá rẹ̀, ó sì mi orí díẹ̀, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí n má sọ òótọ́ fún un.

"Ó ràn án lọ́wọ́ gan-an, Màmá," mo ní. "Ẹ ṣeun, mà."

Màmá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́. Ó dúpẹ́ pé wọ́n gbọ́ ẹjọ́ òun, ó dúpẹ́ pé apá ọmọ òun yóò gòkè. Ọmọ rẹ̀ ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín.